Lẹ́fítíkù Kò Ṣẹ́gun Mi Lọ́dún Yìí

Ilé Oyèkọ́lá,
Ẹ̀yìn Ọjà, Símáwà.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Ẹrẹ́nà.

Adéyọ̀sọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Dámisọ́lá àti Jùwọ́n, àwọn ọmọ-ọmọ mi. Ṣé dáadáa lẹ jí, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ooru Àbújá kò mú yín jù? Ọlọ́run tó mú ọkọ̀ mi kọjá afárá Jẹ́bà láìmọye ìgbà kò ní jẹ́ kí ẹ rí ìjà ọ̀nà. Ẹni tó bá ń wá ìṣubú yín á wá a títí, kò ní rí i. Bí ẹ ṣe ń jáde láàárọ̀ lẹ ó máa wọlé nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ, ọ̀gá yín kò sì ní jí lọ́jọ́ kan kó ní òun kò mọ̀ yín mọ́. Àmín. Àwa náà wà dáadáa níbí. Ara ìyá rẹ le, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń dùn ún bí òjò bá ṣú. Tèmi náà le, mo ṣì ń rìn dé oko ẹ̀gẹ́ mi kí oòrùn tó ta.

Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà gùn, tí mo bá sì ń sọ ọ́ lórí fóònù, ìyá rẹ á máa gbà á lẹ́nu mi, á máa sọ ọ́ bó ṣe wù ú. Ọ̀rọ̀ Bíbélì kíkà tí o bá mi dá sílẹ̀ lọ́jọ́ ọdún tuntun ni. O mọ̀ pé kì í ṣe ọdún yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pinnu pé n ó ka Bíbélì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láàárín ọdún kan. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń pinnu rẹ̀. Lọ́dọọdún ni Jẹ́nẹ́sísì máa ń dùn, Ẹ́kísódù náà á máa dùn títí wọ́n á fi la Òkun Pupa kọjá, ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọ Lẹ́fítíkù báyìí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíndìnrín ẹran àti ọ̀rá tó bo ìfun, oorun á gbé mi, nígbà tí n ó bá fi jí, oṣù Ẹ̀bìbí ti wọlé. Ó ti mọ́ ìyá rẹ lára. Bó bá ti di oṣù kejì ọdún, á bi mí pé ṣé mo ti dé ibi tí mo máa ń kú sí.

Ti ọdún yìí yàtọ̀, nítorí Bíbélì tí o fi sínú fóònù mi. Lọ́jọ́ tí ẹ padà, mo tẹ ibi tí o ní kí n tẹ̀, ó gbé ìwé gígùn kan jáde, ó ní kí n sọ bóyá mo gbà. Èmi tí mo wa ọkọ̀ obì láti Ṣàgámù dé Kánò fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mo ti rí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé tí kò kà tó sì pàdánù ọkọ̀ rẹ̀. Mo wọ gíláàsì, mo fi odidi ọ̀sán kan ka ìwé náà, kò sí orúkọ Olúwa kankan níbẹ̀. Mo wá pe ìyá rẹ kó wá ṣe ẹlẹ́rìí, mo dìde dúró, mo ṣí fìlà, mo sọ ọ́ sókè pé èmi Oyèkọ́lá gbà. Fóònù kò dáhùn. Ìyá rẹ ní bóyá wọ́n fẹ́ kí n fi ìka tẹ̀ ẹ́ ni. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣí.

Ọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń kà á sókè. Ohùn rẹ̀ dára, ará Ọ̀yọ́ ni, mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu rẹ̀, kò sí Rẹ́mọ kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àmọ́ kò ní sùúrù. Mo ní kó dúró kí n wá ibi tó wà nínú ìwé tèmi, kò dúró. Mo kí i kú iṣẹ́ nígbà tó parí, kò dá mi lóhùn. Mo rò pé wọn kò gbà wọ́n láyè láti bá èèyàn sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni, bíi ti àwọn sójà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bárékè, nítorí náà n kò bínú. Mo ṣáà ń kí i láràárọ̀.

Bí mo bá ti kà tán, àwòrán iná kékeré kan á yọ, nọ́ńbà á sì wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé fóònù fẹ́ gbiná ni, mo gbé e lé orí ìdérí àmù omi títí tó fi tutù. Síkírù, bíríkìlà tó ń gbé ilé kẹta sí tiwa, ló ṣàlàyé fún mi pé iye ọjọ́ tí mo ti kà láìfo ni nọ́ńbà yẹn, pé wọ́n fi iná náà yìn mí ni. Inú mi dùn. Mo ń fi han gbogbo ẹni tó bá yà wá.

Nígbà tó di pé mo ti ka ọjọ́ mẹ́tàlélógún, wọ́n mú iná lọ ní gbogbo Símáwà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Fóònù kú. Mo gbé Bíbélì tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, mo kà á láàárọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò fo ẹsẹ kan. Nígbà tí iná dé tí fóònù jí, ó ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún mi ti wọmi. Adéyọ̀sọ́lá, ó dùn mí wọ eegun. Mo wá rántí pé wọ́n máa ń sọ fún wa pé nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà báńkì ti so pọ̀, mo ní ohun tó bá kúrò nínú ọ̀kan, èkejì á mọ ẹni tó mú un. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ṣàgámù, sí báńkì tí o máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí.

Ọmọbìnrin tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn èèyàn níbẹ̀ gbà mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù béèrè ohun tó sọnù, mo kọ ọ́ pé ọjọ́ mẹ́tàlélógún. Ó béèrè ibi tí mo ti lò ó kẹ́yìn, mo kọ ọ́ pé Ẹ́kísódù orí kejìlá. Ó kà á, ó wò mí, ó tún un kà. Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, Bàbá, ṣé ẹ ka ọjọ́ mẹ́tàlélógún náà lóòótọ́? Mo ní mo kà á. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ yín mọ́ sà, inú yín lẹ kó o sí, kì í ṣe inú fóònù. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára gan-an. Ó tún ní kí n wá pawa-báńkì, kí iná má bàa já mi kulẹ̀ mọ́. Mo bi í pé òpópónà wo ni báńkì yẹn wà, ṣé wọ́n ń gba àgbàlagbà tí kò ní owó oṣù? Ìgbà yẹn ló wá bú sẹ́rìn-ín, kò lè dáhùn mọ́, mo sì fi í sílẹ̀ nítorí àwọn èèyàn ti tò sẹ́yìn mi.

Báyìí ni mo ṣe bọ́ sínú Lẹ́fítíkù nínú oṣù Èrèlé. Ìyá rẹ ń retí pé kí n sùn, n kò sùn. Orí ìdúró ni mo ti ń kà á, mo ń yí tábìlì ká. Mo la kíndìnrín kọjá, mo la ọ̀rá kọjá, mo la àdán àti àwòdì tí wọ́n ní a kò gbọdọ̀ jẹ kọjá. Ní àárọ̀ Sátidé kan mo dé orí kẹrìnlá. Ọmọ mi, mo jókòó. Ibẹ̀ ni Olúwa ti ń sọ fún Mósè pé bí àrùn bá mú ògiri ilé, tí àmì tútù bí ewé tàbí àmì pupa bá yọ lára rẹ̀, kí onílé lọ sọ fún àlùfáà.

O mọ ògiri yàrá ẹ̀yìn, ibi tí ẹ máa ń sùn bí ẹ bá wálé. Láti ìgbà òjò èṣí ni àmì kan ti wà lókè bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, tó tutù láàárín tó sì pọ́n létí. Ìyá rẹ sọ ọ́ fún mi nígbà ìkórè. Ó tún sọ ọ́ nígbà tó ku díẹ̀ kí ẹ dé fún Kérésì, mo bá ra ọ̀dà funfun, mo kùn ún, mo ní ó parí. Láàárọ̀ Sátidé yẹn mo mú tọ́ọ̀ṣì wọ yàrá, àmì náà ti la ọ̀dà jáde, ó ti fẹ̀ tó àtẹ tí a fi ń sá ata. Ó rí gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Mo dé fìlà, mo lọ bá Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì Oyèbọ̀dé nílé, mo ní kó wá wo ògiri mi. Ó ní bíríkìlà ni kí n pè. Mo ní Lẹ́fítíkù kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò yọ òkúta títí di ẹsẹ ogójì, àlùfáà ló kọ́kọ́ dárúkọ. Ó ní òfin ìgbà náà nìyẹn, kò dè wá mọ́. Mo rán an létí pé lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, lórí àga ìwàásù, òun ló ní kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú Bíbélì tí kò wúlò, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wọ bàtà.

Kó tó dé, mo ti kó gbogbo ẹrù yàrá síta, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí. Àpótí aṣọ ìyá rẹ, àpò gààrí mẹ́ta, ẹ̀rọ ìránṣọ, bẹ́ẹ̀dì, gbogbo rẹ̀ wà lágbàlá. Ìyá rẹ ti ọjà dé, ó sọ igbá kalẹ̀, ó ní, Bàbá Adéyọ̀sọ́lá, ṣé wọ́n ń lé wa nílé ni? Mo ní rárá o, àlùfáà ló ń bọ̀ wá wo aláìsàn. Ó ní ta ni ara rẹ̀ kò dá? Mo ní ògiri ni. Ó jókòó sórí àpò gààrí, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan. O mọ̀ pé bó bá jókòó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kọjá ariwo.

Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì wo ògiri, ó fọwọ́ kàn án, ó ní ó tutù lóòótọ́. Mo ní ìwé ní kó ti yàrá náà pa fún ọjọ́ méje. Ó mí kanlẹ̀, ó ní kí n tì í. Fún ọjọ́ méje yẹn, pálọ̀ ni aṣọ ìyá rẹ wà, a ń fo àpò gààrí kọjá bí ewúrẹ́, àwọn ará àdúgbò sì ń yà wá kí mi kú ìtọ́jú ògiri. Àlájà Hàbíbátù tó ń ta obì, tí bálùwẹ̀ rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí yàrá náà, dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní, Bàbá, ògiri yín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun? Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi balẹ̀. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ìwé kì í kánjú.

Nígbà tó di ọjọ́ keje, Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì padà wá fúnra rẹ̀, n kò ránṣẹ́ pè é. A ṣí yàrá, òórùn kan ló kọ́kọ́ jáde pàdé wa. Àmì náà ti dé etí fèrèsé. Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì bi mí pé kí ni ìwé wí báyìí, mo sì mọ̀ pé kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kí a yọ òkúta ibẹ̀ ni. A pe Síkírù.

Síkírù fi òòlù kan búlọ́ọ̀kù kìíní, kò ró, òòlù wọ inú rẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń wọ ẹ̀bà. Ó yọ ọ́, omi tẹ̀ lé e. Ó yọ ìkejì, ó yọ ìkẹta, ó dojú bolẹ̀, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wọlé dé ìgúnpá níbi tó yẹ kí ìpìlẹ̀ wà. Ó dìde, ó yíjú sí mi, ó ní, Bàbá, ta ló ń sùn síbí? Mo ní ọmọ mi àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni, bí wọ́n bá wálé. Ó ní àlùhàmídù, ó ní ilẹ̀ abẹ́ ògiri náà ti ṣàn lọ tán, pé òjò ńlá àkọ́kọ́ tó bá rọ̀ lọ́dún yìí ni ì bá wó o sórí bẹ́ẹ̀dì.

Adéyọ̀sọ́lá, Jùwọ́n ló sùn mọ́ ògiri yẹn nígbà Kérésì, o ní ó fẹ́ràn ibẹ̀ nítorí pé ó tutù. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n yọ. Ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ pé ṣebí òun ti wí. Ká ní ó wí i ni, ì bá fúyẹ́ fún mi. Mo dìde níwájú Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì àti Síkírù, mo ṣí fìlà, mo pe orúkọ rẹ̀ gan-an, mo ní, Àtinúkẹ́, ìwọ lo kọ́kọ́ rí i, ọ̀dà ni mo fi dá ọ lóhùn, jọ̀ọ́, má bínú. Ó ní kí n dé fìlà mi, pé eruku ń bọ́ sí mi lórí. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí àgbàlá, ó ń fi etí ìró nu ojú, mo sì fi í sílẹ̀ kó nu ún tán.

Nígbà tí Àlájà Hàbíbátù gbọ́ ìró òòlù, ó wá. Síkírù fi hàn án pé páìpù bálùwẹ̀ rẹ̀ ló bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ tó ń da omi sí ìdí ògiri wa láti ọjọ́ yìí. Mo ti ń múra ìjà sílẹ̀ nínú mi. Ó káwọ́ lérí, ó ní abájọ tí táńkì òun fi ń gbẹ, òun ti ń fura sí àwọn ayálégbé òun. Lọ́jọ́ náà gan-an ló pe púlọ́ńbà, ó sì ní kí a máa kó nínú yanrìn tó wà lẹ́yìn ilé òun. Ó bi mí pé ta ló sọ fún mi pé kí n tú ògiri. Mo ní Mósè ni. Ó ní Ànábì Músà? Mo ní òun náà ni. Ó ní háà, ó mọ̀ nípa ilé o. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ kàwé láàárọ̀, á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, á ní kí n gbé ohùn sókè.

Ìwé tún béèrè ẹyẹ méjì, kí a pa ọ̀kan, kí a tú ọ̀kan sílẹ̀. Mo ra adìyẹ méjì. Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì ní ẹ̀jẹ̀ Jésù ti parí ti ẹyẹ, kí n má ṣe wọ́n ẹ̀jẹ̀ sí ara ògiri kankan ní Símáwà. Mo gbà fún un. Ìyá rẹ fi ọ̀kan se ìkọ́kọrẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́, mo tú èkejì sílẹ̀ nítorí pé ó wù mí. Ó gba ilé Àlájà lọ, ẹyin mẹ́rin ló ti yé síbẹ̀.

Mo ti wà nínú Númérì báyìí, Lẹ́fítíkù ti wà lẹ́yìn mi. N ó ka ìwé yìí dé òpin lọ́dún yìí, kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ náà sọ nígbà Kérésì pé o ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí iṣẹ́ kò jẹ́. Gbọ́ tèmi. Kà á kí o tó fọwọ́ kan nǹkan míràn láàárọ̀, ì báà ṣe ẹsẹ márùn-ún. Bí o bá fo ọjọ́ kan, má ṣe sọ pé ọdún ti bàjẹ́. Ọkọ̀ tó bá taku ní Ògbómọ̀ṣọ́, a kì í wọ́ ọ padà sí Ṣàgámù, ibẹ̀ la ti ń tún un ṣe tí a sì ń bá ìrìn wa lọ. Má sì fo ibi tó le, o kò mọ èyí tó jẹ́ tìrẹ nínú rẹ̀.

Ó ku ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún. Bá wa wá nǹkan sí sìmẹ́ǹtì tí a ó fi rẹ́ ìta ògiri náà kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, inú ilé nìkan ni a rẹ́ tán. Èkejì, bá mi ṣí àkáǹtì ní pawa-báńkì yẹn, Àbújá ni olú ilé iṣẹ́ wọn yóò wà, kó o bá wọn sọ pé ẹni jẹ́jẹ́ ni mí. Ẹ̀kẹta, bá mi ra gíláàsì ìkàwé kan sí i, èyí tó kéré sí tèmi, nítorí kì í ṣe èmi ni n ó lò ó.

Ìyá rẹ ló ni ín. Lọ́jọ́ tí Síkírù rẹ́ inú ilé tán, ó wá jókòó tì mí, ó ní kí n kọ́ òun ní ìwé. Mo ní kí ló dé, ṣé kíkà mi kò dùn mọ́ ni? Ó ní ó dùn, ṣùgbọ́n ká ní òun mọ̀ ọ́n kà ni, láti èṣí lòun ì bá ti ṣí orí kẹrìnlá síwájú mi, nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu òun kò tó mi gbọ́. Ọdún méjìdínláàádọ́ta tí a ti fẹ́ra, èmi ni mò ń kàwé nínú ilé yìí, n kò sì bi í rí lọ́jọ́ kan bóyá ó wù ú. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ka tèmi tán láàárọ̀, a ó mú ṣọ́ọ̀kì, a ó bẹ̀rẹ̀ láti A. Ó ń bínú sí GB, ó ní kí ló dé tí méjì ń ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ṣùgbọ́n kò fo ọjọ́ kankan, orí rẹ̀ sì pé ju tèmi lọ.

Olúwa yóò ṣọ́ ilé rẹ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ohun tó bá ń jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀ yóò tètè hàn sí ọ, ìwọ yóò sì ní etí tí yóò gbọ́ ẹni tó bá rí i ṣáájú rẹ. Àwọn ọmọ rẹ yóò sùn, wọn yóò jí. Wàá pẹ́ fún wa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oyèkọ́lá.

Àyè tí mo fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ yìí, ìyá rẹ ló ni ín. Ó fi odidi ìrọ̀lẹ́ àná kọ ọ́, ó sì kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ tún un ṣe.

A TI NU KẸ